Ìwé Gbèsè Ilé Fámúrewá

Kọ́kọ́rọ́ kọ̀, kò yí.
Bọ́ọ̀dá Ọmọ́nijẹ́ ro epo pupa sí ihò rẹ̀,
ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún àgbàlagbà tó ń retí èsì.
Ilẹ̀kùn wá wúkọ́, ó ṣí.

Òkèṣà nìyí, n'Iléṣà,
pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí baba ìyá mi kọ́
nígbà tí sìmẹ́ǹtì ṣì ń ti Èkó wá nínú àgbá.
Kìnnìún alámọ̀ méjì wà lókè fèrèsé:
àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ọ̀kan ti jábọ́,
èkejì ṣì ń yọ eyín sí àwọn ọlọ́kadà.
Wọ́n kọ ọdún sáàárín wọn, 193,
òjò ti jẹ èyí tó kẹ́yìn.
Ìyá mi ní mẹ́rin ni, àbúrò rẹ̀ ní méje;
wọ́n bá àríyànjiyàn náà wọ sàréè.

Lọ́la, ẹni tó ra ilé yóò gbé katakata dé.
Ilé epo ló fẹ́ kọ́.
Wọ́n ní kí n ṣa ohun tó bá wúlò,
kí n finá sí ìyókù.

Kí ló wúlò?
Maṣíìnì ìránṣọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rì sínú pákó.
Rédíò onígi: aláǹtakùn ti gba ìròyìn lẹ́nu rẹ̀.
Ẹ́ẹ̀pìnnì oníhò mẹ́tàdínlógún, tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀
(mo fi kọ́rùn, ó tutù).
Àwòrán kan: ọkùnrin mẹ́ta dúró, méjì ló wọ bàtà,
ẹni tí kò wọ̀ ló ń rẹ́rìn-ín.
Mo yí i padà. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo ti rí àpótí páànù,
inú àpótí ni mo ti rí ìwé gbèsè.

Òṣómàáló ni baba ìyá mi.
Ó ru aṣọ dé Ìkìrun, ó ru ú dé Ọ̀fà,
ó tà á láwìn fún ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀,
ó padà lọ́jọ́ owó, ó wí tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà:
òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi.
Láti kékeré la ti ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nílé wa.
N kò mọ̀ pé ìlóṣòó yẹn ló di bíríkì,
pé orúnkún tó ń ro baba
wà nínú àtẹ̀gùn tí mo ń gùn yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́ẹ̀dì ló fi kọ ọ́, lẹ́tà gàgàrà bí igi àjà:
Arìnpé, Ìkìrun. Ṣílè mẹ́ta. Ó san án.
Baba Oníkẹ̀kẹ́. Pọ́n-ùn kan àti sísì. Ó san án, ó bú mi.
Ìyàwó Látúnjí, Ọ̀fà. Ṣílè méje àti tọ́rọ́.
Kò fa ìlà lórí èyí.
Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ̀wé sí:
Mo débẹ̀ láàárọ̀. Mo lóṣòó.
Wọ́n ń gbẹ́ kòtò kékeré kan lẹ́yìnkùlé.
Mo dìde.

Ó tán. Ojú ewé kejì, aṣọ ti tún ń lọ, owó ti tún ń bọ̀.

Mo kà á fún Bọ́ọ̀dá Ọmọ́nijẹ́.
Ó ṣí fìlà, ó wo inú rẹ̀,
ó ní, "Wọn ò sọ èyí fún wa rí."

Fóònù dún: ṣé a ti ṣe tán?
Mo ní ó ku díẹ̀.
Mo lóṣòó sídìí àtẹ̀gùn, ìwé lórí itan mi.
N kò mọ ẹni tó jẹ mí lówó,
ilé ni, ìlú ni,
àbí èmi gan-an ni mo jẹ gbèsè.
Oòrùn ti kúrò lára kìnnìún aláìlágbọ̀n,
orúnkún ti ń ro mí.
N kò tíì dìde.